Pásíwọ́ọ̀dù Tí Wọ́n Fi Yorùbá Pè

“Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Olúfúnṣọ́ sọ?”

Ṣùkúrátù kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu òun. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ọmọ tí kì í gbójú sókè wo bàbá rẹ̀ bí ó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Àrówólò, bàbá rẹ̀, kò tilẹ̀ yíjú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

“Ṣé adití ni mí ni? Nínú èmi àti ìwọ tó ń fi Twi lálàá, ta ni Yorùbá?”

Ṣùkúrátù yíjú sí aago ara ògiri. Aago kan ti kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ní aago méjì géérégé, àwọn mẹ́ta kan yóò jókòó síwájú kámẹ́rà láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, nítorí owó ìrànwọ́ tí yóò gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò pọ̀ bí eṣú. Ogún péré ni wọ́n mú, Ṣùkúrátù sì wà nínú wọn. Létà tí wọ́n kọ sí i kò fi bò rárá: kọ̀ǹpútà ni kí ó lò, wọn kò fẹ́ fóònù, ẹni tí wọn kò bá sì rí kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, wọn yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni. Ìjọba ti ní kí gbogbo Accra jókòó sílé nítorí àrùn kòrónà, gbogbo ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì sì ti tì pa.

Àrówólò ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe ní àdúgbò Cow Lane. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó máa ń fi ẹnu pọ́n, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó débẹ̀ láyé rẹ̀. Síbẹ̀, a kò lè rí ẹni tó ń fi Yorùbá yangàn tó o. Ọmọ tó bá sọ Twi, èdè àwọn ará Ghana, nínú yàrá rẹ̀, ìta ni yóò ti jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí àwọn ọmọ Yorùbá bá pé jọ sí ìpàdé, òun ni wọ́n máa ń ní kó dìde kí àlejò, nítorí ẹnu rẹ̀ dùn. Ní ti maṣíìnì, ó ní gbólóhùn kan tí gbogbo Cow Lane mọ̀ ọ́n mọ́: “Kò sí irin tí kò ní gbọ́ tèmi.”

Òun ló ra kọ̀ǹpútà náà ní èbúté Tema, lára àlòkù tí ọkọ̀ ojú omi kó wá. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni, kò mọ ohun tó ń jẹ́ wáìfáì. Nígbà tí létà dé, Àrówólò wá ra kámẹ́rà sí i, ó sì ra ẹ̀rọ wáìfáì kékeré kan tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò USB.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ki ẹ̀rọ náà bọ ihò. Kọ̀ǹpútà dákẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó kàn án. Nínú páálí ẹ̀rọ náà ni àwo CD pẹlẹbẹ kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú kọ̀ǹpútà, kí ó lè mọ àlejò tó wọlé wá bá a. Ilẹ̀kùn ibi tí àwo ń gbà wọlé sì ti há. Àrówólò mú abẹ́rẹ́ maṣíìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ.

Abena tó ń ta ẹja sísun yọjú láti yàrá òdìkejì, ó fi orúkọ tí àwọn ará Ghana ń pe Yorùbá pè é. “Alata Papa! Ṣé ẹ fẹ́ rán ṣòkòtò fún kọ̀ǹpútà ni?”

“Bí mo bá rán an tán, màá fi ìyókù aṣọ bò ọ́ lẹ́nu.”

Abena rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, ilẹ̀kùn náà ṣí, àwo wọlé, kọ̀ǹpútà pa ara rẹ̀, ó sì tún jí. Iná aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ kékeré náà. Orúkọ wáìfáì tó wà nítòsí sì jáde. Ti Olúfúnṣọ́ ló wà lókè pátápátá.

Òṣìṣẹ́ báǹkì ni Olúfúnṣọ́. Kò tíì pé ọdún méjì tí ó ti Ìbàdàn dé, òun ló ń gbé òkè ilé tí Àrówólò ń gbé. Àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ní ìwé tó fún wọn láyè láti jáde, ó sì ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ láti lọ síbi iṣẹ́ ọ̀sán nígbà tí Àrówólò sáré bá a. Àwọn ọ̀dọ́ agbo ilé wà lábẹ́ igi pẹ̀lú fóònù wọn. Olúfúnṣọ́ wò wọ́n, ó sì fi Yorùbá pe pásíwọ́ọ̀dù náà. Inú yàrá tí Ṣùkúrátù ti ń lọ aṣọ ni ó ti gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀: “Ó yé mi, ó yé mi! Ẹ ṣeun, ọ̀gá!”

Ohun tí Àrówólò kọ sí bébà ni *adeduntan34*. Adédùntán ni ìyàwó Olúfúnṣọ́ tó wà ní Ìbàdàn.

Kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́. Ó tún un tẹ̀, ó kọ̀. Ó yí 34 padà sí 43, ó kọ̀. Ìgbà yìí gan-an ni Ṣùkúrátù béèrè ìbéèrè rẹ̀, tí ó sì gba ìdáhùn tí ẹ ti gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe sí irin ni Àrówólò ṣe sí i. Ó yọ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi aṣọ nù ún. Ó ki ẹ̀rọ náà bọ ihò mìíràn. Ó nu gbogbo ohun tí àwo kọ sínú kọ̀ǹpútà kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òógùn bò ó. Fóònù rẹ̀ kò ju èyí tí wọ́n ń pè ní yam lọ, ìpè nìkan ló mọ̀. Ó fi pe Olúfúnṣọ́ nígbà mẹ́fà. Tirẹ̀ ti wà ní pípa, nítorí wọn kì í tan fóònù níbi iṣẹ́ wọn.

“Ayédèrú ni!” ni Àrówólò pariwo. “Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi!”

Ṣùkúrátù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn nínú híjáàbù tó lọ̀ dáadáa, ó ń wo aago ara ògiri. Kò sí ohun tí ó lè ṣe. Nígbà tí aago méjì lù, ó dìde láìtọrọ àyè, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn Abena.

Abena kò bi í ní nǹkan kan. Ó gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní kí kọ̀ǹpútà gba dátà láti ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré náà gbà á. Àrówólò ń wò.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ojú mẹ́ta yọ.

“Ṣùkúrátù Àrówólò?” ni obìnrin àárín béèrè.

“Èmi ni, mà.”

“A ti ń retí rẹ. Sọ fún wa, kí ló dé tí o fi…”

Àwòrán náà dúró gbagidi, ẹnu obìnrin náà sì wà ní lílà. Dátà Abena ti tán. Kíóòsì tí wọ́n ti ń ra á ti wà ní títì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

“Kosɛ,” ni Abena ń wí. “Kosɛ, ọmọ mi, kosɛ.” Pẹ̀lẹ́ ló ń kí i.

Nírọ̀lẹ́, Olúfúnṣọ́ dé. “Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ṣùkúrátù, báwo ló ṣe lọ?” Nígbà tí ó rí bébà orí tábìlì, ó mú un. “Ta ló kọ 34? Ẹ̀tàdínláàádọ́rin ni mo pè! Mo fi Yorùbá pè é kí àwọn ọmọ abẹ́ igi má baà gbọ́.”

Ojú Ṣùkúrátù fi hàn pé kò yé e. Olúfúnṣọ́ fi ìka kọ 6 àti 7 sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni Ṣùkúrátù tún ọ̀rọ̀ náà pè lọ́kàn ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀: ẹ̀ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì parí bí ẹ̀rin.

Ó wo bàbá rẹ̀.

“Ẹ̀rọ náà ni kò dára,” ni Àrówólò wí. Iná aláwọ̀ ewé náà ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún márùn-ún kọjá. Ṣùkúrátù kọ létà ẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnì kan kò fèsì. Ilé iṣẹ́ kan tó ń di ẹja sínú agolo ní Tema ló gbà á, ó ń lẹ bébà mọ́ agolo. Kò bú bàbá rẹ̀ rí, kò sì tún béèrè. Ohun tó ń dùn ún ni pé Àrówólò kò yangàn mọ́. Nínú ìpàdé, ó máa ń ní ọ̀fun ń dun òun. Bí àwọn àbúrò Ṣùkúrátù bá ń sọ Twi nínú yàrá, yóò máa jẹun lọ ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó wá kí ọmọ rẹ̀ ní Tema. Wọ́n jókòó ti kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín.

“Bàbá, àwọn ọmọ Yorùbá kan wà ní agbo ilé yìí tí mò ń kọ́ ní èdè,” ni Ṣùkúrátù wí. “Mo kà á fún wọn dé ogún, mo sì dúró síbẹ̀. Kí ló tún kàn?”

Òkèlè dúró lọ́wọ́ Àrówólò. Ó dá a padà sínú abọ́. Ó fọ ọwọ́, ó nù ún, ó sì ń nù ún lọ lẹ́yìn tí omi ti gbẹ. Ṣùkúrátù rò pé inú ń bí i ni, ó sì tẹrí ba.

“Ìbéèrè tí o bi mí lọ́jọ́ kọ̀ǹpútà,” ni Àrówólò wí. “Mo gbọ́ ohùn Olúfúnṣọ́, Ṣùkúrátù. N kò gbọ́ ohun tó wí.”