Ọjọ́ Tí Mo Ka Òfin Orílẹ̀-èdè Láti Ìbẹ̀rẹ̀

Nígbà ìjọba ìyípadà ní Benin, tí a ṣì ń pe ara wa ní kàmáráàdì, tí ìpàdé kankan kì í bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ké "Ehuzú!" kí a sì dáhùn "Dandan!", ìyẹn ni pé ayé ti yí padà, dandan ni, ẹ̀gbọ́n mi Àdùkẹ́ ń múra ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní Kùtọnú. Èmi ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin. Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń múra irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lónìí ni mo ń kọ èyí fún.

Níbi tí a ti ń bó ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí ni Àdùkẹ́ ti ń kàwé. Ó ń ka ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní Faransé, ó ń túmọ̀ rẹ̀, àwa obìnrin á sì sọ ọ́ tẹ̀lé e, bí ẹni ń kọ́ katikísìmù.

"Bí kò bá yé yín," ó máa ń wí, "a jẹ́ pé kò tíì yé èmi náà."

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ ọ́n sórí.

Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, olórí ìgbìmọ̀ abúlé wa ti àgbẹ̀ kan, ará Adakplamè, ìlú kan nítòsí wa, mọ́lé nítorí pé kò wá síbi iṣẹ́ oko àjọṣe. Àdùkẹ́ dìde nínú ìpàdé, ó béèrè ìwé àṣẹ adájọ́. Wọ́n ti òun náà mọ́lé.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò mọ́, àwa obìnrin gàrí lọ bá olórí. Ìyá Rẹ̀mí, àgbà wa, tì mí síwájú.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù."

Olórí bú sẹ́rìn-ín. "Èyí tí kì í lè kí ènìyàn sókè? Kí ló fẹ́ sọ?"

Mo wá ibi tó sọ nípa àtìmọ́lé nínú orí mi, n kò rí i. Bí a ṣe kọ́ ọ ni mo ṣe mọ̀ ọ́n, láti orí dé ìdí. Mo bá ké "Ehuzú!", mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ń sọ ọ́ tẹ̀lé mi.

"Ó tó!" olórí kígbe.

"Kàmáráàdì bàbá, ìwé ìjọba ni o," Ìyá Rẹ̀mí dáhùn. "Ṣé ká lọ sọ fún àwọn ọ̀gá yín ní Kétou pé ẹ ní ká pa á dé?"

Ó padà jókòó, mo sì ń bá a lọ. Àwọn ènìyàn ń ti oko dé. Nígbà tí mo dé ibi tó sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni láìsí àṣẹ ilé-ẹjọ́, gbogbo àgbàlá ló sọ ọ́ tẹ̀lé mi. Olórí ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

"Ẹ mú un jáde, ẹ jẹ́ n sinmi!"

Àdùkẹ́ jáde. Taksí kan ṣoṣo tó ń lọ sí Kùtọnú lọ́jọ́ náà ń fun fèrè lójú títì. Mo fà á lọ́wọ́. Kò mira.

"Ará Adakplamè ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò ń lọ!"

"Ṣé Àdùkẹ́ nìkan lo kà pé wọn ò gbọdọ̀ mú ni?"

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Taksí ti lọ, ìdánwò sì lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ó ṣe é lọ́dún kejì, ó yege. Láti ìgbà náà, olórí kò ti ẹnikẹ́ni mọ́ yàrá yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bẹ ẹ̀gbọ́n mi nítorí ọdún kan tó pàdánù, òun náà kò sì jẹ́ ká sọ ọ́ fún ará Adakplamè. Bí mo bá pàdé ọkùnrin náà lọ́jà, ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò mọ̀ pé èmi ti fẹ́ fi òun sílẹ̀. N kò tíì lè sọ fún un.