Alùpùpù Tuntun Dá Ìjà Sílẹ̀ ní Fate

Ẹ̀jẹ̀ ló kún ara ẹ̀wù mi bí mo ṣe ń tẹ èyí, kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tèmi.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, àwa tá a fẹ́ràn alùpùpù pàdé ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì wa ní àdúgbò Fate. Sàká gbé máṣíìnì tuntun rẹ̀ dé. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é àti ògbólógbòó alùpùpù tí Àlàájì Láwàl, àgbà ẹgbẹ́ wa, jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Àlàájì wò ó, ó pòṣé. "Wọ́n ti ba orúkọ jẹ́. Fóònù tó ní táyà nìyí."

Sàká rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Àlàájì. Irin tó pa bàbá yín lẹ̀yin ṣì ń gùn kiri."

Orí ògbólógbòó yẹn ni bàbá Àlàájì kú sí lóòótọ́, nínú ìjàǹbá ojú títì.

Àlàájì fẹsẹ̀ ti máṣíìnì tuntun náà ṣubú, gíláàsì ojú rẹ̀ fọ́ yángá. Sàká fi akoto là á lórí. Àlàájì he sípánà, ó fi gbá a lẹ́nu. Mo kó sáàárín wọn, eyín Sàká já bọ́ sọ́wọ́ mi.

A gbé àwọn méjèèjì lọ sí ọsibítù. Bí wọ́n ṣe ń rán orí Àlàájì, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Èmi ni bàbá mi gbé sẹ́yìn lọ́jọ́ tó kú," ló ń wí.

Sàká gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ó kọjú sí ògiri.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Sàká, kí lẹ máa sọ fún Àlàájì?