Ìyá Àgbà Tí Kò Gbà Pé Ayé Ń Yí

"Irọ́ ni," ni màmá àgbà wí, ó sì fún ìró rẹ̀ débi tí omi fi ta sí mi lójú. "Irọ́ gbuu ni. Tún un sọ."

Ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Yassa, ládùúgbò kan ní Douala, la wà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, omi orí páànù ṣì ń kán sínú báàfù, òórùn ọṣẹ dúdú àti ti ẹja gbígbẹ tí ìyá mi ń sè nínú ilé sì ti dàpọ̀ mọ́ra wọn. Mo di ìwé mi mú, mo tún un kà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ṣe kọ ọ́ fún wa: "L'évaporation est le passage de l'eau..." Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Mi ò gbọ́ Faransé. Kí ló sọ?"

"Màmá, ó ní omi... omi máa lọ sókè. Tí oòrùn bá... tó bá gbóná, omi á lọ."

"Á lọ síbo?"

"Sínú l'air. Sínú afẹ́fẹ́."

"Ó dáa. Tí omi bá ń lọ sókè bí o ṣe wí, kí ló dé tí aṣọ mi ò gbẹ láti ìjẹta? Ṣé omi inú aṣọ tèmi ò mọ̀nà ni?"

Mo wo aṣọ lórí okùn, mo wo ìwé. Ìwé ò sọ nǹkan kan nípa aṣọ màmá àgbà. Inú bí mi débi pé omijé fẹ́ bọ́ lójú mi. Kí ni mo tiẹ̀ ṣe tí wọ́n fi fà mí lé obìnrin yìí lọ́wọ́?

Bí wọ́n ṣe fà mí lé e lọ́wọ́ rèé. Òun ló bí bàbá mi. Ó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kó lè bá ìyá mi tọ́jú àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ó ní òun ò ní pẹ́ lọ, ó sì lo ọdún kan ó lé. Ojú títì ló gbà wá, ìdí rẹ̀ ro ó títí tó fi búra pé òun ò tún ní gba ibẹ̀ mọ́ láyé. Bàbá mi ní kó fọkàn balẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú lòun máa fi dá a padà.

Páàtì ọkọ̀ ni bàbá mi ń tà ní àdúgbò Akwa. Ìwé tó kà ò pọ̀, Faransé tó gbọ́ ò sì ju ti ọjà àti ti takisí lọ. Ní ọdún tó ṣáájú, mo fìdí rẹmi nínú sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì ní kí n tún kíláàsì ṣe. Bẹ́ẹ̀ mo mọ gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn lórí o! Mo lè kà á láìmí, bí ẹni ń ka àdúrà. Àmọ́ tí olùkọ́ bá lè yí ìbéèrè padà díẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ mi tán. Bàbá mi wo èsì ìdánwò náà títí, ó wò mí, ó ní òun ò mọ ẹni tí òun á gbà gbọ́ láàárín èmi tí mo ní mo mọ̀wé àti ìwé tó ní mi ò mọ̀ ọ́n.

"Èmi ò lè yẹ̀ ẹ́ wò," ló wí. "Ṣùgbọ́n màámi wà nílé. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ́ ẹ ní sáyẹ́ǹsì, kí o máa ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn lédè wa. Tí ọdún bá parí, tí wọ́n bá ní o mọ nǹkan, wàá padà sílé ìwé. Tí wọ́n bá ní o ò mọ nǹkan, Akwa la jọ ń lọ láràárọ̀. Mo ti sọ tèmi."

Mo bẹ ìyá mi kó bá mi dá sí i, ó ní òun ò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ilé ìwé. Mi ò fẹ́ fi gbogbo ayé mi nu ọ́ìlì kúrò lára páàtì. Nínú gbogbo èèyàn tó wà ní Douala, ẹni tí kì í gba nǹkan kan gbọ́ ni wọ́n wá fi ṣe adájọ́ mi. Tí tẹlifíṣọ̀n bá ní òjò máa rọ̀, á jáde lọ wo ojú ọ̀run fúnra rẹ̀. Tí a bá lọ sí ọjà Sandaga, tí ẹni tó ń ta tòmátò bá ní àárọ̀ yẹn ni wọ́n já a, á máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí obìnrin náà á fi pariwo, "Mami, no spoil my tomato!" Màmá àgbà ò gbọ́ Píjìn pẹ̀lú, á sì máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Tá a bá tún wá sọ̀rọ̀ Yorùbá mi nígbà yẹn, kò ju "ẹ káàárọ̀", "mo ti jẹun" àti "kì í ṣe èmi" lọ. Ìwọ̀nba tí mo ní yìí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé fún ìyá arúgbó.

Mo gbé ọ̀rọ̀ aṣọ lọ bá olùkọ́ wa. Mo nawọ́, mo bi í ìdí tí aṣọ kì í fi í gbẹ ní Douala bí omi bá ń lọ sókè lóòótọ́. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. "Ce n'est pas au programme," ni olùkọ́ wí, "assieds-toi." Mo jókòó. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún màmá àgbà pé olùkọ́ ní kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́.

"Aṣọ mi ni ò sí nínú ètò ẹ̀kọ́?" ló bi mí. "Òun ńkọ́, ṣé aṣọ tiẹ̀ máa ń gbẹ ni?"

Ìbínú ló mú mi bọ́ sídìí ìwádìí, kì í ṣe ìfẹ́ sáyẹ́ǹsì. Mo rẹ áńkáṣíìfù méjì sómi, mo sá ọ̀kan síwájú fáànù nínú pálọ̀, mo sá èkejì sí balùwẹ̀ tí a kì í ṣí fèrèsé rẹ̀. Ti iwájú fáànù gbẹ kí n tó jẹun tán. Ti balùwẹ̀ ṣì tutù ní ọjọ́ kejì, ó sì ti ń rùn. Mo ṣí ìwé lọ sí àwọn ojú ìwé tí olùkọ́ ò tíì débẹ̀, mo kà á, mo tún un kà, ó sì yé mi lójijì lórí ìdúró. Mo sáré bá a níbi tó ti ń fi òrí ra àbúrò mi lára.

"Màmá, afẹ́fẹ́ máa ń mu omi! Àmọ́ afẹ́fẹ́ Douala ti mu omi púpọ̀. Kò sáyè mọ́ nínú rẹ̀. Fáànù á lé èyí tó ti mu omi lọ, á gbé òmíràn wá."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn ọmọ. "Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ibí yìí ti yó."

"Ó ti yó, màmá!"

"Èyí yé mi," ló wí.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó lọ́jọ́ náà. Kò sí máàkì tí olùkọ́ fún mi rí tó ṣe mí bẹ́ẹ̀. Màmá àgbà ò sì jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀ pẹ́. Ó bu òrí sí i lọ́wọ́, ó ní, "Ti aṣọ nìyẹn. Kí ni wọ́n tún kọ́ ọ?"

Báyìí la ṣe ń bá a lọ. Ó bi mí ìdí tí yìnyín fi ń léfòó lórí omi nígbà tó jẹ́ pé omi náà ni. Ó bi mí ìdí tí ṣíbí inú ọbẹ̀ fi ń jóni lọ́wọ́ tí orógùn kì í jóni. Mo máa ń dáhùn, á ní kò yé òun, màá tún un sọ, á ní kí n fi han òun. Ìkòkò ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sinmi mọ́. Yorùbá mi ń pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru sí i. Ìgbà tó yá, wọ́n wá kọ́ wa pé ayé ń yí.

Ó yẹ kí n fi èyí pa mọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé ọmọ sílẹ̀ kó má baà já a lulẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ó máa ń fi oríkì pè mí tó bá fẹ́ fìyà jẹ mí, "ọkọ̀ òfuurufú tí bàbá ẹ fẹ́ fi gbé mi lọ sílé, kí ló ń náwó sí i fún? Ṣebí kí ọkọ̀ gòkè ni, kó dúró jẹ́ẹ́, kí Nàìjíríà yí wá bá a nísàlẹ̀, kó sì sọ̀ mí kalẹ̀."

Mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn bínú sí i. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání.

Orí bẹ́ńsíkìn ni mo ti rí ìdáhùn. Bẹ́ńsíkìn ni a ń pe ọ̀kadà ní Douala. Ọjọ́ Sátidé ni, a ń bọ̀ láti Sandaga, èmi wà láàárín, màmá àgbà wà lẹ́yìn mi, àpò ọsàn wà lórí itan mi. Bí ọ̀nà ṣe tẹ́jú tí ọkùnrin náà tẹ iná mọ́lẹ̀, mo mú ọsàn kan, mo jù ú sókè. Ó padà bọ́ sọ́wọ́ mi.

"Màmá, ẹ wò ó! Kò bọ́ sẹ́yìn!"

"Tún un jù."

Mo tún un jù. Ọlọ́kọ̀ rí wa nínú dígí, ó figbe ta pé ṣé mo fẹ́ pa wọ́n ni: "La petite, tu veux nous tuer?" Màmá àgbà fi Yorùbá dá a lóhùn láti ẹ̀yìn mi: "Máa wa ọkọ̀ ẹ. Ẹ̀kọ́ là ń kọ́." Èyí tí mo jù tẹ̀lé e kọjá ọwọ́ mi, ó yí lọ sínú ẹrẹ̀. Màmá àgbà ní, "Ìyẹn dúró de Nàìjíríà."

Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé kó tó gbé ẹsẹ̀ síwájú. Mo ní ọsàn ń bá wa lọ nígbà tó wà lọ́wọ́ mi, nígbà tó wà lókè pàápàá ó ṣì ń bá wa lọ. Mo ní báyìí náà ni ọkọ̀ òfuurufú àti afẹ́fẹ́ àti gbogbo wa ṣe ń bá ayé lọ. Ó gbọ́ mi jálẹ̀. Ó mi orí. Mo rò pé mo ti borí.

"Ti ọsàn yé mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n lórí alùpùpù yẹn, ara mi ń gbọ̀n, etí mi ń hó, mo mọ̀ pé mò ń lọ. Ayé tí o ní ó ń sáré yìí, kí ló dé tí ara mi ò mọ̀ ọ́n?"

Mo ju àpò ọsàn sílẹ̀ lójú títì. "Màmá, ẹ ṣáà gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!"

"Mi ò gbà."

Ọdún ilé ìwé parí, mi ò tíì rí ìdáhùn yẹn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi gbé oúnjẹ síwájú ìyá rẹ̀, ó jókòó tì í. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni èmi dúró sí.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ máa dájọ́. Ṣé ọmọ yìí mọ nǹkan?"

Ó jẹ ẹran tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. "Kò mọ̀ ọ́n," ló wí.

Bàbá mi mí kanlẹ̀, ó ní ó ti tán nìyẹn.

"Ta ní sọ fún ẹ pé mo ti parí ọ̀rọ̀, Àkànní? Lọ́dún tó kọjá, ṣebí gbogbo nǹkan ló mọ̀? Ṣebí ó ń kà á lórí? Ní báyìí, tí mo bá bi í ní nǹkan, á ní, 'Màmá, mi ò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó.' Á sì lọ wò ó. Á bínú, á fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, á sì lọ wò ó. Kò tíì sọ ìdí tí ara mi ò fi mọ̀ pé ayé ń yí. Tí o bá mú un lọ sí Akwa, ta ló máa bá mi wádìí rẹ̀? Ṣé ìwọ ni?"

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n jáde lẹ́yìn kọ́tìnnì. Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi rò pé àfi kí obìnrin yìí gbà kí n tó lè padà sílé ìwé, orí kunkun rẹ̀ ló wá kó mi yọ.

Ó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ kí ọdún tuntun tó wọlé. Nígbà tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó pè wá lórí fóònù, kò béèrè bàbá mi, kò béèrè ọmọ tó wẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún Àbẹ̀kẹ́.

"Wọ́n fún mi ní tíì lókè yẹn," ló wí. "Kò mì. Mo ní kí ẹni tó jókòó tì mí pa fèrèsé dé. Ara mi ò mọ nǹkan kan. Mo rò pé ọkọ̀ ti dúró. Nígbà tó ṣí i, àwọsánmà ló wà nísàlẹ̀ wa."

"Kí lẹ wá rí sí i, màmá?"

"Ó lè jẹ́ òótọ́," ló wí. "Ó lè jẹ́ ni mo wí o. Mi ò tíì gbà."

Kò kọjá ibẹ̀ títí tó fi kú. Mo ṣì ń wá ohun tí mo lè sọ fún un, èyí ló sì ń dùn mí.

Sáyẹ́ǹsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí, ní ilé ìwé kan ní Douala níbí. Wọ́n á mú mi bínú títí orí á fi fọ́ mi. Ohunkóhun tí mo bá kọ sójú pátákó ni wọ́n ń dà kọ. Tí mo bá bi wọ́n pé ṣó yé wọn, wọ́n á ní, "Oui, madame." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ pé oòrùn ló ń yí ayé po. Wọ́n dà á kọ láìgbé orí sókè, ọ̀kan sì nawọ́, mo ti ń dúpẹ́ nínú mi. "Madame, on souligne en rouge?" ló bi mí, pé ṣé kí àwọn fi pupa fàlà sídìí rẹ̀.

Mo pa á rẹ́, mo kọ òótọ́ síbẹ̀. Mo wá ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ka nǹkan kan lórí fún mi mọ́. Kí oníkálukú lọ bá àgbàlagbà kan nílé, kó ṣàlàyé fún un ní èdè ilé wọn pé ayé ń yí, kó sì mú ìbéèrè tí ẹni náà bá bi í wá fún mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ariwo sọ. Ọmọbìnrin kan ní ẹ̀yìn dìde, inú ń bí i, ó ní, "Madame, ma grand-mère ne va jamais accepter ça!" Ìyá àgbà òun ò ní gbà láéláé.

Mo kọjú sí pátákó kí wọ́n má baà rí ojú mi.