Ìkòkò Tí Kò Gbẹ

“Màmá, ọjọ́ tí ẹ bá kú ni iṣẹ́ yìí kú.” Ìkìlọ̀ ọmọbìnrin mi nìyẹn láti ilé ọkọ rẹ̀, òun ló mú mi kọ èyí.

Mo ti lé ní ogún ọdún nígbà òmìnira, mo sì fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní Kétu láti máa mọ ìkòkò. Mo kánjú sun àkọ́kọ́ kó tó gbẹ. Ó bẹ́ nínú iná, àfọ́kù rẹ̀ sì gé ọmọbìnrin mi yìí lẹ́rẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ náà, mo lé e kúrò nídìí amọ̀. Títí dòní, èmi nìkan ni mò ń fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò po bí mo ṣe ń mọ ọ́n.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìkòkò gbẹ, kí ọmọ yín lè dúró tì yín kọ́ iṣẹ́ náà.