Bàbá Olúgbádé àti Orúkọ Abẹ́ Fótò Ìrẹsì

Bí o bá dé Ìbàfò lọ́dún 2006, tí o sì béèrè Bàbá Olúgbádé, àwọn ọ̀dọ́ á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí o bá ní Bàbá Fótò, kíá ni wọ́n á nawọ́ sí ilé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, níbi tí àga onírin kan máa ń wà lábẹ́ igi máńgòrò. Orí àga yẹn ni mo máa ń bá a lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Kí n tó kúnlẹ̀ kí i, á ti ní, "Monísọ́lá, bàtà tuntun lo wọ̀ yẹn." Ojú rẹ̀ ló ń kú lọ. Etí ti ń bá a ṣiṣẹ́ ojú.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ya fótò fún ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ wa. Kì í ṣe fótò àwọn ọ̀gá tó ń bọ ara wọn lọ́wọ́ o. Àgbẹ̀ ló ń yà: ẹni tó ń kọ ebè, ẹni tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi, ẹni tó ń fọ́ kòkó. Bó bá dé oko, kì í yọ kámẹ́rà. Ọkọ́ ló máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹnìkan, á bá wọn ro ilẹ̀ títí ẹ̀wù rẹ̀ á fi rin fún òógùn.

Ó ní, "Tí wọ́n bá ti gbàgbé pé àlejò ni mí, ìgbà yẹn ni mo máa ń yà á. Tí mo bá kọ́kọ́ yọ kámẹ́rà, gbogbo wọn á sáré lọ wọ léèsì, wọ́n á wá dúró gbagidi bí òpó iná."

Léèsì náà kò sì bí i nínú. Bó bá ti ya ti ìjọba tán, á ní kí wọ́n lọ wọ̀ ọ́ wá, á ya tiwọn fún wọn. Títí dòní, ilé púpọ̀ ló wà láti Mówè dé Ìfọ̀ tí fótò baba ńlá wọn tó wà ní pálọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé ìjọ wa. Èmi ni mo máa ń ka Bíbélì àti ìwé ìròyìn fún un. Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Lọ́dún 2005, a gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ojú rẹ̀. Èmi ni mo darí àdúrà. Mo dìde níwájú ìjọ, mo ní kí oṣù yẹn tó parí, Bàbá á ríran kedere. Oṣù parí. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́. Bàbá kò bi mí léèrè rí. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bi mí.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọmọbìnrin kan wá láti ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀, Tolúwalọpẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ ti pé ọgbọ̀n ọdún, wọ́n sì fẹ́ gbé ogójì lára àwọn fótò oko wọn kọ́ sí gbọ̀ngàn kan l'Abẹ́òkúta kí ará ìlú wá wò wọ́n. Nínú ogójì, mẹ́rìndínlógójì jẹ́ ti Bàbá. Wọ́n fẹ́ kó gbọ́ ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó fọwọ́ sí ìwé pé òótọ́ ni.

Tolúwalọpẹ́ ń kà, Bàbá ń mi orí. Ó tún ọdún kan ṣe, ó tún orúkọ abúlé kan ṣe. Wọ́n kan èyí tó tóbi jù, èyí tí wọ́n máa gbé sẹ́nu ọ̀nà.

"Fàósátù, àgbẹ̀ ìrẹsì, ẹ̀yìn Mówè, 1977."

Bàbá kò mi orí. Mo wo fótò náà. Obìnrin kan gbé àtẹ sókè, ìrẹsì ń já bọ́, ìyàngbò ń fò lọ bí èéfín, iṣan apá obìnrin náà yọ kedere. N kò rí fótò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibi tẹ́ ẹ máa fọwọ́ sí rèé."

"Fi sílẹ̀ fún mi di ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mi. Fi fótò kan náà tì í."

Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, Bàbá ní, "Monísọ́lá, ìwọ kì í ṣe ìjọba, àbí?"

"Rárá o, Bàbá. Mo kọ̀wé sí wọn nígbà kan, wọn ò gbà mí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá sọ ọ́ fún mi. Kì í ṣe Fàósátù ló wà nínú fótò náà. Sàúdátù ni, ìyàwó kékeré nílé kan náà. Lọ́dún yẹn, wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá lẹ́yìn oko wọn. Katapílà ń wó igi láràárọ̀. Àwọn ènìyàn ń sọ pé oko ẹni tí ìjọba bá kọ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa wọ̀n tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí òṣìṣẹ́ tó gbé ìwé lọ́wọ́ béèrè orúkọ, Sàúdátù fi orúkọ ìyálé rẹ̀, Fàósátù, pe ara rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ló wá bá Bàbá tó ń palẹ̀ kámẹ́rà mọ́, ó ní kó má tú àṣírí òun. Bàbá gbé ọwọ́ lé Bíbélì, ó ṣèlérí pé òun kò ní sọ ọ́ fún ẹni ìjọba kankan láéláé. Kò sì sọ ọ́.

Ó ní, "Tí mo bá fọwọ́ sí i báyìí, mo purọ́. Tí mo bá tún un ṣe, mo yẹ àdéhùn. Èwo ni kí n ṣe?"

Ó yẹ kí n ní ẹsẹ Bíbélì fún un. Méjì wá sí mi lọ́kàn, ọ̀tọ̀ lohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ. Mo ní, "Bàbá, ṣé Sàúdátù ṣì wà láyé?"

Ó ní òun gbọ́ pé ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìfọ̀. Ní Ọjọ́rú, a wọkọ̀ lọ síbẹ̀. A bá Màmá Sàúdátù nílé ọmọ rẹ̀, ó jókòó lórí ẹní. Ìyá àgbàlagbà kejì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń bó ẹ̀gúsí.

Màmá Sàúdátù ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Olúgbádé onífótò."

"Onífótò! O ti darúgbó báyìí?"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Tèmi ti pẹ́, wọ́n ti mọ̀ mí mọ́ ọn."

Bàbá ní òun fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Ìyá tó ń bó ẹ̀gúsí ní, "Etí mi ti di. Ẹ máa sọ̀rọ̀ yín." Mo gbé fótò lé Màmá Sàúdátù lọ́wọ́. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fi ìka tọ apá obìnrin inú fótò náà.

"Ẹ wo apá! Ilẹ̀ yẹn, èmi nìkan ni mo ro ó. Àpò mẹ́rìnlá ni mo kó níbẹ̀ lọ́dún yẹn." Ojú rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n bí Bàbá ṣe sọ ohun tó bá wá, ó dá fótò padà kíá. "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi orúkọ ṣe?" Ó na àgbọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Òun ni. Fàósátù ni. Kò mọ̀ títí dòní."

"Kí ni n kò mọ̀?" ni ìyá tó ní etí òun di wí.

Fàósátù gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Ìyàwó, ìwọ ni mò ń bi."

Sàúdátù sọ ọ́. Mo rò pé ìjà á dé. Ìyálé ní, "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ìjọba ti mọ èmi Fàósátù ní àgbẹ̀ ìrẹsì! Èmi tí mò ń rẹ aṣọ láró, tí n kò mọ ọ̀nà oko! O fẹ́ kí katapílà wó ilẹ̀ mi!"

"Ìyálé mi, igbó ni ilẹ̀ tiyín. Ẹ ò ro ó rí."

"Igbó mi ni!"

Sàúdátù fa ara rẹ̀ dìde, ó sì kúnlẹ̀, eékún rẹ̀ dún. "Ẹ forí jì mí."

"Dúró síbẹ̀ ná. Mo ṣì ń rò ó." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ń já lẹ́nu rẹ̀. "Ó yá, dìde, kí orúnkún rẹ má bàa di iṣẹ́ sí mi lọ́rùn. Onífótò, kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Aró ni iṣẹ́ mi. N kò fẹ́ ìyìn ìrẹsì."

Nígbà náà ni Sàúdátù di ọwọ́ Bàbá mú. "Allah tó gbọ́ ohun tí o ṣèlérí fún mi lọ́jọ́ yẹn ń gbọ́ mi báyìí. Mo tú ọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ kó tóbi o."

Omi dé ojú Bàbá. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó sọ òótọ́ fún Tolúwalọpẹ́, ó sì fọwọ́ sí ìwé.

Nígbà tí ọjọ́ àfihàn fótò náà pé, bọ́ọ̀sì ìjọ wa ló gbé gbogbo wa lọ sí Abẹ́òkúta. Ibi tí oko ìrẹsì yẹn wà, ilé ìjọsìn mẹ́rin ló wà níbẹ̀ báyìí, tiwa wà lára wọn. Mo rò ó bí a ṣe ń lọ, n kò sì sọ ọ́ fún àwọn ìyá náà. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, Bàbá dúró níwájú fótò rẹ̀ tí kò lè rí. Ó ní, "Monísọ́lá, wo òkè lápá òsì. Eruku katapílà ló wà níbẹ̀." Mo wò ó. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí ìkùukùu kékeré lẹ́yìn àwọn igi. Gbogbo àwa tí a ríran, kò sí ẹni tó ti rí i. Mo ṣì ń gbàdúrà fún ojú rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n n kì í dá oṣù fún Ọlọ́run mọ́.

Tolúwalọpẹ́ ka abẹ́ fótò náà sókè: "Sàúdátù, àgbẹ̀ ìrẹsì."

Fàósátù ní, "Tún un kà." Ó tún un kà. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Sàúdátù dúró gbagidi, bó ti wọ léèsì wá.

Tolúwalọpẹ́ wá ní òun fẹ́ ya ìyálé àti ìyàwó pọ̀ lábẹ́ fótò náà, kó lè wà nínú àwọn fótò ìjọba. Ó yà wọ́n tán, ó mú bírò jáde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, orúkọ yín?"

Sàúdátù la ẹnu. Fàósátù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dákẹ́, ìyàwó. Èmi fúnra mi ni mo máa sọ tèmi."