Èkejì Mi Tí Wọ́n Ní Ó Wà ní Èkó

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ilẹ̀ Èkìtì, kò sí aṣọ kan tí ìyá mi rà fún mi tí wọn kò ra irú rẹ̀ kejì. Bí wọ́n bá bu ẹ̀wà sí abọ́ mi, wọ́n á bu díẹ̀ sí abọ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ìbejì ni wọ́n bí mi. Nígbàkígbà tí mo bá béèrè ibi tí èkejì mi wà, ìdáhùn kan ṣoṣo ni gbogbo agbo ilé ní, láti orí bàbá àgbà títí dé orí ẹni tó ń gbá àgbàlá: “Ó lọ sí Èkó.”

Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn baba wa, a kì í la ẹnu sọ pé ọ̀kan nínú ìbejì kú, pàápàá ní etí èyí tó ṣẹ́ kù, kí ó má baà tẹ̀ lé ẹnì kejì rẹ̀ lọ. Àwọn òbí mi jẹ́ onígbàgbọ́ tí kì í pa ìsìn ọjọ́ Ìsinmi jẹ, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ dán ọ̀rọ̀ yẹn wò. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, n kò sì ní bú wọn láé. Ohun tí wọn kò rò ni pé ọjọ́ kan lè dé tí wọn yóò fi ọwọ́ ara wọn rán èmi pàápàá lọ sí Èkó.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọjọ́ náà dé. Owó epo rọ̀bì ti ń wọlé, gbogbo ènìyàn sì ń kọjú sí Èkó. Àbúrò ìyá mi, tí ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, ní kí wọ́n mú mi wá bá àwọn ní Mafolúkù kí n lè kàwé dáadáa. Mo di ẹrù mi, mo sì di aṣọ èkejì mi mọ́ ọn. Ní gbogbo ọ̀nà, àwọn èrò ń wo igbó àti afárá, èmi ń to ọ̀rọ̀ tí n ó kọ́kọ́ bá a sọ. Nígbà tí a sọ̀ ní Òṣòdì, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Mo wo ojú gbogbo ọmọbìnrin tó ń fo ojú irin kọjá, títí àǹtí mi fi rò pé òòyì ìrìn àjò ló ń kọ́ mi.

Ọjọ́ kejì ni mo béèrè. Àǹtí mi ń rẹ́ ilá lọ́wọ́, mo sì rí i pé ọ̀bẹ dúró.

“Èkó tóbi, ọmọ mi,” ni wọ́n wí.

Mo tún béèrè lọ́jọ́ kejì rẹ̀, mo béèrè lọ́jọ́ kẹta. Mo béèrè títí inú fi bí wọn. “Ìsọlọ̀ ló wà!” ni wọ́n fi jágbe mọ́ mi. “Ṣé o ti gbọ́ báyìí? Ó yá, lọ fọ abọ́.”

Àṣìṣe ni. Irọ́ tí àwọn ará ilé wa ní Èkìtì kò fún ní ilé ni àǹtí mi wá fún ní àdúgbò.

Bí a ti jáde iléèwé lọ́jọ́ kejì, mo wọ aṣọ tèmi, mo fi tirẹ̀ há abíyá, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn. Mo gba ìhà Àjàó kọjá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun nígbà náà. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn ilé náà kò tíì ní òrùlé, fèrèsé wọn ṣí sílẹ̀ bí ojú tí kò ní ìpéǹpéjú, n kò sì rí alààyè kankan nínú wọn. Bàálù kan kọjá lókè orí mi, ariwo rẹ̀ gbé gbogbo ìró mì. Nígbà tó lọ tán, àwọn ìró náà kò tètè padà.

Ní àbáwọlé Ìsọlọ̀, obìnrin kan ń ta epo òyìnbó lẹ́bàá ọ̀nà. Mo fẹ́ kí wọn, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, kí ló tún dé? Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbí ni?”

“Èmi kọ́, mà.”

“Ẹ wá gbọ́ o! Ó ní òun kọ́!” Wọ́n kọjú sí àwọn obìnrin tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. “Aṣọ yìí náà ló wọ̀. Èmi ni ojú mi ti wá ń ṣe bàìbàì, àbí?”

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n léèrè ọ̀nà tí ọmọ náà gbà. Ẹ̀rín wọn dá. Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó kan ilẹ̀. Ètè ni wọ́n yọ sí ọ̀nà tó gbà.

Níwájú díẹ̀ sí i, káfíńtà kan ń kan pákó. “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí. Kò gbé orí sókè. “Mo ní kí o má sáré mọ́, o ó ṣubú. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni n ó sọ ọ́ fún ọ ni?”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kì í ṣe ẹ̀rù ló bà mí. Ayọ̀ ni. Bí mo bá rántí ayọ̀ náà lónìí, òtútù a máa mú mi.

Ọ̀nà náà parí sí etí àbàtà kan tí àwọn ọkọ̀ típà ń fi yanrìn dí kí wọ́n lè kọ́lé sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ jẹun. Yanrìn náà funfun, ó gbẹ, ó sì tẹ́jú bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Lórí rẹ̀ ni mo ti rí ojú ẹsẹ̀ ọmọdé tó lọ tààrà sí àárín, tí kò sì padà. Mo bọ́ sálúbàtà mi, mo gbé ẹsẹ̀ mi lé àkọ́kọ́ nínú wọn. Ó bá mi mu rẹ́gí. Mo bọ́ sí ìkejì, mo bọ́ sí ìkẹta, mo sì pe èkejì mi. Bàálù mìíràn ń bọ̀ lókè. Lábẹ́ ariwo rẹ̀, mo gbọ́ ohun kan tó dá mi lóhùn.

“Dúró níbẹ̀! Má gbé ẹsẹ̀ kejì!”

Ẹ̀yìn mi ni ohùn èyí ti wá. Nígbà náà ni mo rí i pé mo ti rì dé orúnkún, pé omi dúdú ń yọ lábẹ́ yanrìn náà. Obìnrin àgbàlagbà kan, tó gbé ìdì ìwé àwọn ọmọ iléèwé dání, tí ẹfun ìkọ̀wé sì wà ní gbogbo ìka wọn, na agbòòjò wọn sí mi. Mo dì í mú. Wọ́n fà mí títí mo fi bọ́.

Mo retí ìgbátí. Dípò bẹ́ẹ̀, olùkọ́ náà fi mí jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè.

“Ta lò ń wá?”

“Èkejì mi, mà. Ìbejì ni wá. Ìsọlọ̀ ló ń gbé.”

“Ó ti tó ọdún mélòó tó ti wá sí Èkó?”

“Ọdún méje, mà.”

“Ọmọ ọdún mélòó wá ni nígbà náà?”

“Mẹ́ta.”

“Ta ló mú un wá?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi.

“Ṣé ó ti ránṣẹ́ sí yín rí? Ǹjẹ́ ẹnì kan nínú ilé yín wá kí i rí?”

Wọn kò jágbe, wọn kò sì kánjú. Bí wọ́n bá béèrè, wọ́n á dúró. Mo bá wọn rìn láti ìbéèrè dé ìbéèrè bí ẹni tó ń tẹ òkúta sọdá odò, títí mo fi dé òdìkejì, tí mo sì rí ohun tó wà níbẹ̀.

“Ó ti kú, mà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ó ti kú.”

Ẹkún ọdún méje ni mo sun lórí búlọ́ọ̀kù náà. Nígbà tí olùkọ́ náà mú mi délé, tí wọ́n ròyìn, àǹtí mi fi ọwọ́ bò mí létí. “Ẹ má sọ ọ́ sí i létí, mà!” Olùkọ́ ní, “Òun ló sọ ọ́ fún mi.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ iṣẹ́ tí n ó ṣe. Nígbà tí mo wọ iléèwé àwọn olùkọ́, àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sí báńkì àti ilé iṣẹ́ ńláńlá. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Tíṣà! Ọ̀run ni èrè tìrẹ wà o!” Ìsọlọ̀ ni ìjọba pín mi sí. Mo wá ẹni tó ń ta epo òyìnbó lọ, mo sì bi wọ́n nípa ọmọ ọjọ́sí. Ọ̀rọ̀ wọn kò yí padà: ọmọ méjì ni àwọn rí.

Ní ọdún àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, ibà pa ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọ̀gá iléèwé pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n sọ fún àwọn yòókù pé wọ́n ti gbé e lọ sí Ìlú Òyìnbó. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà náà, nítorí ta ni kò lọ? Bàálù ń kọjá lókè òrùlé wa tọ̀sán-tòru. Mo dúró níwájú ogójì ọmọ, mo rí ojú wọn tí wọ́n gbé sókè, mo sì sọ òtítọ́ fún wọn.

Ayé ti yí padà. Àbàtà yẹn ti di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn tó ń sùn níbẹ̀ kò sì mọ ohun tó wà lábẹ́ wọn. Ọmọ ọdún márùn-ún ń wo òkú ènìyàn lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ àgbà bá kú, wọ́n ṣì ń sọ fún un pé màmá àgbà rìnrìn àjò. Ariwo pọ̀ létí àwọn ọmọ yín, ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n kò sí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi sunkún ọmọ tó kú náà lọ́jọ́ yẹn títí aago fi lù, ọ̀gá mi sì bínú sí mi fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó jáde lọ wá a.