Ayé tí Bàbá Fi Ẹ̀kọ Lẹ̀

Òórùn ẹ̀kọ gbígbóná ṣì máa ń dá mi padà sí ìsọ̀ bàbá mi ní àdúgbò Zongo, níbi tó ti ń rán fìlà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, olùkọ́ wa ní kí n gé ìwé kan tí wọ́n ya ayé sí ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta, kí n lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di bọ́ọ̀lù.

“Bàbá, nínú àwòrán ayé tó wà lára ògiri kíláàsì, Kánádà tí màmá lọ fẹ̀ tó Áfíríkà. Ṣé wọn ò ní sọnù níbẹ̀?”

“Wọ́n fa àwòrán yẹn ni. Fìlà tí o ò bá tú, àfi kó o fà á kó tó tẹ́ pẹrẹsẹ.”

Ó bá mi gé e, ó fi ẹ̀kọ tó fi ń lẹ inú fìlà lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kánádà kéré débi pé àtàǹpàkò rẹ̀ bò ó.

“Ṣé o rí i? Kò lè sọnù.”

Ó di bọ́ọ̀lù náà mú títí ẹ̀kọ fi gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Màmá kò sọnù lóòótọ́; láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ti pe bàbá pé òun ò ní padà wá mọ́.